Kew lóṣù kìíní fún ẹni tó fẹ́ gbin ata rodo: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ìdájọ́ mi kí n tó máa rojọ́. Tó bá jẹ́ torí ilé gíláàsì lẹ ṣe fẹ́ lọ sí Kew Gardens, ọgbà ewéko ńlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, inú òtútù ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dúró de sọ́mà. Ní sọ́mà owó pọ̀ jù, èrò pọ̀ jù, inú ilé gíláàsì náà sì máa ń gbóná débi pé kò sẹ́ni tó ń dúró ka nǹkan tí wọ́n kọ sára ewéko, wọ́n kàn ń wá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde ni. Lóṣù kìíní tíkẹ́ẹ̀tì dínwó, tẹ́ ẹ bá tún rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ó dínwó ju ti ẹnu géètì lọ, ààyè sì wà láti rìn jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, póùn kan péré ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ èyí rí, àwọn tó sì gbọ́, ojú ń tì wọ́n láti mú ẹ̀rí ẹ̀ jáde ní géètì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un jáde, wọn ò ní bi yín léèrè iye tó wà ní báǹkì.

Òdòdó kọ́ ló ń gbé mi lọ síbẹ̀ o. Ata ni. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ rodo tó fọwọ́ ara ẹ̀ gbìn nílùú yìí, oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ló gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ìṣirò ẹ̀ ò sì le. Rodo máa ń gbà tó oṣù márùn-ún kó tó so èso tó pọ́n láti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé kóró ẹ̀ sínú ilẹ̀, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ṣeé gbé síta níbí títí di àárín tàbí ìparí oṣù karùn-ún torí yìnyín òru, tó bá sì ti di oṣù kẹwàá òtútù ti padà dé. Ẹni tó bá wá lọ gbin kóró lóṣù karùn-ún bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé, ewé ló máa rí, á máa rí òdòdó funfun kéékèèké, ata gan-an ò ní pọ́n kí òtútù tó pa á. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn tó ń gbin ata ní Bìrìtìkó fi ń fi àárín wíntà pátápátá hu kóró, nígbà tí gbogbo èèyàn rò pé ilẹ̀ ń sùn. Ìbéèrè tó wá kù ni pé báwo lẹ ṣe máa rí oòrùn Ìbàdàn nínú fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kìíní, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn lójú èèyàn bíi Kew.

Palm House, ilé gíláàsì tí wọ́n kó ọ̀pẹ sí, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀. Ilé yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1844, wọ́n parí ẹ̀ lọ́dún 1848, Decimus Burton àti Richard Turner ló kọ́ ọ, irin àti gíláàsì lásán ni, gíláàsì ọ̀hún tó nǹkan bí 16,000, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi tẹ irin ẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbójú sókè ẹ máa rí i pé bí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ dé ló rí lóòótọ́. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn báyìí, ooru tó máa kọ lù yín lójú, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò mọ́ín-mọ́ín ni. Ẹni tó ń lo gíláàsì ojú, ẹ dúró síbi ẹnu ọ̀nà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí á fi mọ́, ẹ má nù ún torí á tún ṣú padà. Fóònù náà bẹ́ẹ̀, ojú kámẹ́rà ẹ̀ máa ṣú, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lápò yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ fọ́tò.

Ápá tó kó ewéko Áfíríkà wà nínú ilé yẹn, ọ̀pẹ wa wà níbẹ̀, ọ̀pẹ gidi, èyí tí à ń fi ẹyìn ẹ̀ ṣe epo. Ó máa ń ṣe mí ní kàyéfì pé mo sanwó wọlé láti wá wo ọ̀pẹ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà, kòkó wà, kọfí wà. Ẹ tún wá igi kan tó ń jẹ́ Encephalartos altensteinii, inú ìkòkò ló wà, Francis Masson, ẹni tó ń wá ewéko kiri fún Kew, ló gbé e wá láti gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1775, wọ́n máa ń sọ pé òun ni ewéko inú ìkòkò tó dàgbà jù lọ láyé. Ó ti wà kí wọ́n tó kọ́ ilé tó wà nínú ẹ̀ pàápàá. Àtẹ̀gùn irin tó ń yí po wà tẹ́ ẹ lè gbà gòkè lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa wo orí ọ̀pẹ láti òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọmọ sínú púráàmù ò lè gbà á, ẹni tí orókún ń dùn náà kó rọra. Òkè yẹn tún gbóná ju ìsàlẹ̀ lọ gan-an, torí ooru máa ń lọ sókè, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni ìsàlẹ̀. Irin tó ní ihò ihò wà nílẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rìn lórí ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbé bọ́ílà sí abẹ́ ilẹ̀ ilé yẹn, èédú ni wọ́n ń kó sínú ẹ̀, èéfín sì ń gba inú tọ́nẹ̀lì kan lábẹ́ ilẹ̀ lọ jáde láti inú ilé ìṣọ́ gíga kan tó dá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ilé ìṣọ́ yẹn wà níbẹ̀ dòní, Campanile ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ ṣáà kíyè sí i: láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ooru wá. Àwọn ará ìgbà náà ti mọ̀ pé gbòǹgbò ló fẹ́ ooru jù. Ìwọ tó o wá gbé tiréè kóró ata sórí fèrèsé tí afẹ́fẹ́ tútù ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, tó o ń sọ pé hítà ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, ooru hítà yẹn ti lọ bá àjà.

Ìtàn kan tún wà tó jọ mọ́ ọ̀rọ̀ kóró tí mi ò lè fi sílẹ̀. Lọ́dún 1876, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry Wickham kó kóró igi rọ́bà tó tó nǹkan bí 70,000 kúrò ní Bùràsíìlì wá sí Kew. Wọ́n sáré kó ewéko kúrò nínú àwọn ilé gíláàsì kéékèèké láti ráyè gbìn wọ́n, torí kóró rọ́bà kì í pẹ́ kú. Nínú gbogbo ẹ̀, èyí tó hù ò tó 3,000. Àwọn yẹn ni wọ́n kó lọ sí Ceylon (Sri Lanka òde òní) àti ìhà Singapore, ibẹ̀ ni oko rọ́bà Éṣíà ti bẹ̀rẹ̀, tí òwò rọ́bà Bùràsíìlì fi dojú dé. Bóyá olè ni ká pè é àbí kí la fẹ́ pè é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bá ara yín jà lórí ẹ̀, tèmi ni iye tó hù yẹn. Àwọn tó mọ̀wé nípa ewéko jù lọ láyé ìgbà yẹn, pẹ̀lú bọ́ílà, pẹ̀lú gíláàsì, wọn ò rí mẹ́rin hù nínú ọgọ́rùn-ún, torí irú kóró náà ni. Tí ẹ bá wá ń gbin úgú nílùú yìí, tẹ́ ẹ ra kóró gbígbẹ lọ́wọ́ ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ò sì hù, ẹ má dá ara yín lẹ́bi, irú kan náà ni, kóró úgú tó bá ti gbẹ ti kú. Tútù ló gbọ́dọ̀ jẹ́, láti inú èso ẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là.

(Èkó náà ò gbẹ́yìn o. Lọ́dún 1887, nígbà tí Moloney jẹ́ gómìnà, wọ́n dá ọgbà ewéko ìjọba kan sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hu ọmọ kòkó àti kọfí fún àgbẹ̀, Kew sì mọ̀ nípa ẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gba Ẹ̀bùté Mẹ́tta kọjá lónìí, kó wá sọ fún mi ibi tí ọgbà lè dúró sí.)

Láti Palm House, ẹ lọ sí Princess of Wales Conservatory, ilé gíláàsì kejì nínú mẹ́ta tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Èyí ò lẹ́wà lójú látìta, mo sọ ọ́ tán, orí ẹ̀ nìkan ló hàn, ìyókù wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀ ni pé ilẹ̀ máa ń dáàbò bo ooru, wọn ò sì fẹ́ máa sun owó. Ọdún 1987 ni Diana ṣí i, àmọ́ orúkọ Augusta ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyàwó ọmọ ọba, òun ló bẹ̀rẹ̀ ọgbà yẹn lọ́dún 1759. Ojú ọjọ́ mẹ́wàá ló wà nínú ilé kan ṣoṣo, kọ̀ǹpútà ló ń darí gbogbo ẹ̀, ó ń ṣí fèrèsé, ó ń tan ooru, ó ń fọ́n omi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sáfẹ́fẹ́. Ẹ máa kúrò níbi igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kan, aṣọ yín á ti lẹ̀ mọ́ yín lára. Tí mo bá ní kí ẹ yan ẹyọ kan ṣoṣo nínú ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni o, pàápàá tẹ́ ẹ bá mú ọmọ dání, kò sí ọmọ tí ewéko tó ń jẹ eṣinṣin ò ní dá dúró. Tó bá di oṣù kejì wọ́n máa ń ṣe àjọ̀dún òdòdó ọ̀kíìdì níbẹ̀, ó lẹ́wà, àmọ́ èrò á pọ̀. Èmi fẹ́ràn ṣáájú ìgbà yẹn.

Lábẹ́ ilẹ̀ ilé yìí náà, wọ́n ri àpótí kan mọ́lẹ̀ lọ́dún 1985 nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, David Attenborough, ẹni tó ń ṣe ètò nípa ẹranko àti ewéko lórí tẹlifíṣọ̀n, ló rì í, kóró oúnjẹ àti ti ewéko tó fẹ́ parun ló wà nínú ẹ̀, ọdún 2085 ni wọ́n máa tó ṣí i. Mo máa ń ronú bóyá ẹnì kankan rántí fi kóró ata síbẹ̀.

Ohun tí ilé yẹn ń kọ́ni nípa gbígbin kóró nílé ni pé ooru lọ́tọ̀, omi inú afẹ́fẹ́ lọ́tọ̀, ìmọ́lẹ̀ lọ́tọ̀. Àwa máa ń pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ torí nílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ń wá lẹ́ẹ̀kan náà láti ọwọ́ Ọlọ́run, a ò ní ìdí láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Èèyàn á bu kóró ata sí ẹ̀gbẹ́ àkìtàn, á fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ó parí. Níbí, ẹ gbọ́dọ̀ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Temperate House ni ìkẹta, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Òun ló tóbi jù nínú irú ẹ̀ tó ṣẹ́kù láyé láti ìgbà Ọbabìnrin Victoria, wọ́n kọ́kọ́ ṣí i lọ́dún 1863, ọdún 1899 ni wọ́n tó parí ẹ̀, wọ́n tì í lọ́dún 2013, wọ́n ná póùn mílíọ̀nù 41 sí i, wọ́n tún un ṣí lọ́dún 2018. Àrà ni. Àmọ́ kò gbóná o! Orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́, ewéko ibi tí ò gbóná jù tí ò tutù jù ló wà níbẹ̀, kóòtù yín máa wà lára. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ bèèrè Encephalartos woodii, wọ́n rí i nínú igbó kan ní gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1895, akọ ni, gbogbo ẹ̀ tó wà láyé lónìí ara ẹ̀ ni wọ́n ti gé wọn, kò sẹ́ni tó tíì rí abo ẹ̀ rí. Kò lè so kóró láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí mo mú lọ dúró níwájú ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará, àpọ́n yìí mà ti pẹ́ o."

Waterlily House, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Palm House, máa ń wà ní títì ní wíntà, ẹ má lọ máa ti ilẹ̀kùn ẹ̀. Oúnjẹ, ẹ gbé tiyín dání, wọn ò kọ̀ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí mo rà láti fi hu kóró ata.

Propagator ni wọ́n ń pè é, tiréè tó ní ìdérí rọ́bà tó mọ́ gaara, waya iná wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù ọgbà, tẹ́ ẹ bá ti ki í bọ sókẹ́ẹ̀tì ó ń gbóná nìyẹn, kò ní bọ́tìnì, kò ní nǹkan kan. Ìkejì ní tẹmósítáàtì, ẹ máa sọ fún un pé dígíríì 27 lẹ fẹ́, 27 ló máa dúró sí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ kankan, torí ọ̀rọ̀ oríṣi ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ti orúkọ. Èyí tí ò ní tẹmósítáàtì, iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń fi nǹkan bíi dígíríì mẹ́jọ sí mẹ́wàá kún ooru yàrá tó bá wà. Èyí wúlò fún tòmátì. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ata rodo fẹ́ 25 sí 30 kó tó hù dáadáa. Lọ́sàn-án tí hítà ń ṣiṣẹ́ tí yàrá wà ní 20, ó dáa, ẹ ti débẹ̀. Lóru tẹ́ ẹ bá pa hítà (ta ló ń tan hítà mọ́jú pẹ̀lú owó iná ìsinsìnyí?) yàrá á wálẹ̀ dé 14, inú tiréè á di 22 tàbí 23, kóró á kàn sùn síbẹ̀. Kò ní kú lójú ẹsẹ̀ o, á máa sùn, á máa sùn, ìgbà tó bá pẹ́ á jẹrà, ẹ̀yin á sì máa bú ẹni tó ta kóró fún yín.

Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ má ra èyí tó ní gbogbo nǹkan lára ní owó gọbọi. Ẹ ra ẹní iná, èyí tí wọ́n ń pè ní heat mat, kẹ́ ẹ tún ra tẹmósítáàtì onísókẹ́ẹ̀tì tó ní waya tẹ́ ẹ máa ki orí ẹ̀ bọ inú ilẹ̀ tiréè, méjèèjì pọ̀ ò wọ́n. Inú ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ ki orí waya yẹn bọ̀ o, ẹ má gbé e sáfẹ́fẹ́, torí ooru gbòǹgbò là ń wá, ẹ rántí bọ́ílà abẹ́ Palm House. Àǹtí mi kan ní Thamesmead rí i nílé mi, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o wá ń tan iná mànàmáná sábẹ́ ata? Mélòó ni wọ́n ń ta rodo ní Woolwich?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀." Ẹní tó ń jẹ wáàtì 20, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí 24 láìpa, kò tó ìdajì yúníìtì, tí yúníìtì kan bá jẹ́ pẹ́ńsì 25, pẹ́ńsì 12 lójúmọ́ nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, póùn méjì àbọ̀ àti díẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n hu ọ̀kan fáwọn náà.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún fún ẹní iná pẹ̀lú tẹmósítáàtì. Méjì fún tiréè tí ò ní tẹmósítáàtì, ìyẹn náà torí tòmátì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ooru nìkan ò ṣe é, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Kóró rodo lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó yọrí, ẹ ní sùúrù, ẹ má máa wú u láti wò ó. Bí orí àkọ́kọ́ bá ti yọ, ẹ ṣí ìdérí yẹn, ẹ gbé e kúrò lórí ooru, ẹ gbé e sábẹ́ iná. Ọmọ ata tó ti hù ò nílò 27 mọ́, 18 sí 20 tó o, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Lójú fèrèsé ní oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ò pé wákàtí mẹ́jọ, ìparí oṣù kìíní ó tó nǹkan bíi mẹ́sàn-án, òun náà ìmọ́lẹ̀ tó ṣú ni. Ní Èkó, ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún kì í wá sílẹ̀ ju wákàtí 11 àbọ̀. Bí ooru bá wà tí ìmọ́lẹ̀ ò sí, ata á ga gọ́gọ́rọ́, ọrùn ẹ̀ á tín-ín-rín, á wó. Iná LED tó funfun, wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, ẹ fi táímà sí i kẹ́ ẹ má máa jí láti lọ pa á, ẹ gbé e sún mọ́ orí ewéko dáadáa. Iná àwọ̀ pọ́pù tó ń mú kí yàrá dà bíi ilé fààjì, kò pọn dandan, funfun lásán ń ṣiṣẹ́, aládùúgbò ò sì ní máa wò yín bákan.

Àrùn kan wà tó máa ń pa ọmọ ata lóru ọjọ́ kan, ẹ sùn ó dúró, ẹ jí ó ti wó lulẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ níbi tó ti pàdé ilẹ̀ á ti rọ, á dúdú. Olú inú ilẹ̀ tútù ló ń fà á, omi àpọ̀jù àti afẹ́fẹ́ tó dúró sójú kan ló ń fún un lágbára. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tètè ṣí ìdérí. Ẹ máa bomi rin ín látìsàlẹ̀, ẹ gbé tiréè sínú abọ́ omi, kó fà á mu fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé e jáde. Fáànù kékeré kan tó ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ náà dáa, ó tún ń mú ẹsẹ̀ ẹ̀ le. Eṣinṣin dúdú wínníwínní tó máa ń wá láti inú compost (ilẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń tà fún gbígbin nǹkan), àmì omi àpọ̀jù kan náà nìyẹn. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò, ẹ ra compost kóró, má ṣe ra èyí tí wọ́n ti kó àjílẹ̀ sí púpọ̀, ọmọ ata ò tíì ní inú tó lè gbà á.

Kóró ńkọ́? Rodo tó pupa dáadáa láti ọjà, ẹ là á, ẹ sá kóró ẹ̀ gbẹ, òun náà ń hù. Bó ṣe máa jọ ìyá ẹ̀ sí, Ọlọ́run ló mọ̀, torí ata máa ń gba ara wọn lọ́kọ. Ti ká kó kóró láti ilé wá nínú báàgì, mo mọ̀ pé gbogbo èèyàn ń ṣe é, àmọ́ láìsí ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn kò bófin mu, ata àti tòmátì gan-an ni wọ́n ń wò jù torí àrùn fáírọ́ọ̀sì kan tó ń dààmú àwọn àgbẹ̀ ilé gíláàsì, wọ́n bá rí i ní Heathrow wọ́n á gbà á.

Ata nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní o. Tòmátì, ẹ fi dìgbà tí oṣù kejì bá ń parí lọ. Ewédú, oṣù kẹrin, ẹ di kóró ẹ̀ sínú aṣọ, ẹ rì í bọ omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e sínú omi tútù, torí èèpo ẹ̀ le, láìṣe bẹ́ẹ̀ ìdajì ẹ̀ ò ní hù. Tẹ̀tẹ̀ máa ń yára, òun ò nílò wàhálà kankan, ẹ dúró de ooru gidi. Ẹni tí ata ẹ̀ bá sì so lọ́dún yìí, kó má jẹ́ kó kú tí òtútù bá dé, ata kì í ṣe ewéko ọdún kan, ẹ gé ẹ̀ka ẹ̀ kúrò, ẹ gbé e wọlé síbi tí ò tutù jù, ẹ fomi díẹ̀díẹ̀ pa á mọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ ó máa tètè so ju ti kóró tuntun lọ.

Fún ẹni tí Kew jìnnà sí tàbí tí owó ò sí, Barbican ní ilé gíláàsì kan láàárín ìlú, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹ kàn máa gba àyè sílẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bù wọn ni, torí kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń ṣí i, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Wọ́n kọ́ ọ yí òkè tíátà wọn ká kó lè bò ó lójú. Kò tó ti Kew, kò sì gbóná tó o, ṣùgbọ́n fún ọ̀sán ọjọ́ Sunday tí òjò ń rọ̀, ó dáa gan-an. Mẹ́rin nínú márùn-ún, torí ọ̀fẹ́ ń fi ìràwọ̀ kún nǹkan. Kew fúnra ẹ̀ ní wíntà, márùn-ún ni mo fún un, ní sọ́mà mi ò lè fún un ju mẹ́ta àbọ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀: District line tàbí Overground ti Mildmay, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Kew Gardens, ẹ rìn lọ sí Victoria Gate, kò jìnnà. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, torí ọgbà máa ń tètè tì ní wíntà. Abẹ́ kóòtù, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ́ ẹ ní báàgì tó lè gba kóòtù ọ̀hún tẹ́ ẹ bá dé Palm House, kẹ́ ẹ sì tún rántí wọ̀ ọ́ padà kẹ́ ẹ tó jáde, torí òógùn yín á ṣì tutù lára nígbà tí atẹ́gùn ìta bá pàdé yín.